Kọ́kọ́rọ́ Tó Bá Òkú Wọlẹ̀

Bí baálé ilé bá kú, tí kò sì sọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ sí, àwọn ọmọ kì í tìtorí kọ́kọ́rọ́ sunkún. Wọn a ránṣẹ́ pe káfíńtà, káfíńtà a mú hámà, a já àpótí náà, wọn a sì rí ìwé ilẹ̀ àti aṣọ òkè tí bàbá wọn kó pamọ́. Àpótí bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù kò sọnù.

Àpótí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lóṣù yìí yàtọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni tó sì mọ ọ̀rọ̀ náà ti kú. Ẹ lè fi hámà fọ́ kọ̀ǹpútà náà sí wẹ́wẹ́ bó bá wù yín, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè, lápá àríwá Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2002. Mo fẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé kì í ṣe owó tàbí wúrà ló wà nínú àpótí náà. Ìrántí èdè kan ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ohun tó lé ní 400 ọdún, títí di ọdún 1814, abẹ́ ọba Dẹ́nmáàkì ni àwọn ará Nọ́wè wà. Èdè Dẹ́nmáàkì ni wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n fi ń dájọ́ ní kóòtù, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Èdè tí àgbẹ̀ ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ lóko, èdè tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí ohun tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Àbí ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí èyí tí àwa náà mọ̀?

Lọ́dún 1813 ni wọ́n bí ọmọ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ivar Aasen ní agbègbè Ørsta, lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Ọmọ yìí pàdánù ìyá àti bàbá rẹ̀ láti kékeré, kò sì rí yunifásítì lọ. Ìwé tó bá rí ló ń kà, fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1842, ó bọ́ sọ́nà, ó ń ti abúlé dé abúlé, ó ń tẹ́tí sí bí àwọn ará oko ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọdún mẹ́rin ló fi rin ìrìn yìí. Lọ́dún 1848, ó gbé ìwé gírámà jáde; lọ́dún 1850, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè jáde. Nínú iṣẹ́ ẹnìkan yìí ni èdè kíkọ tí wọ́n ń pè ní Nynorsk lónìí ti wá. Lọ́dún 1885, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí èdè náà àti èyí tó ti ọ̀dọ̀ Dẹ́nmáàkì wá jọ dúró ní ẹgbẹ́ kan náà. Aasen kú lọ́dún 1896, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i kó tó kú.

Lọ́dún 2000, wọ́n ṣí ilé ńlá kan sí ìlú ìbí rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, kí ó lè jẹ́ ilé ìṣúra fún èdè náà. Ọ̀kan nínú ẹrù iyebíye tó wà níkàáwọ́ ilé yìí ni ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Reidar Djupedal, kó jọ nígbà ayé rẹ̀. Djupedal yìí kan náà ló ṣàkójọ lẹ́tà Aasen àti ìwé tí Aasen máa ń kọ ohun ojoojúmọ́ sí, tó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Ọdún 1989 ló dolóògbé. Ìwé rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àkọlé tó wà nínú ìwé atọ́ka wọn fi jẹ́ 11,000.

Ẹni tó bá ti wọ ilé ìkàwé rí mọ̀ pé ìwé tí kò ní atọ́ka dà bí ọjà tí wọ́n da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ gbàràmù. Ata wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ máa wá a rí? Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó atọ́ka náà sí, nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní database. Ẹ fi ojú inú wo àpótí kan tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ dúrọ́ọ̀ kéékèèké, tí ìwé kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀ tirẹ̀: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó jáde, ibi tó wà lórí pẹpẹ. Ẹ béèrè, kọ̀ǹpútà á fa èyí tí ẹ fẹ́ yọ ní ìṣẹ́jú akàn.

Ètò kan tí wọ́n ń pè ní dBASE ni wọ́n fi ṣe é. Ètò yìí náà ní ìtàn. Wayne Ratliff, ará Amẹ́ríkà kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1978. Ohun tí wọ́n sì ní ó gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà ni pé ó fẹ́ jẹ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta níbi iṣẹ́ wọn! Nígbà tí àwọn oníṣòwò gbé e sọ́jà, wọ́n pè é ní dBASE II, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí I rí. Wọ́n kàn fẹ́ kí ó dà bí ohun tó ti dàgbà ni. Láàárín 1980 sí 1990, kò sí orílẹ̀-èdè tí kò dé. Ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀bù oògùn, gbogbo wọn ló ń lò ó. Lọ́dún 1991, ilé iṣẹ́ mìíràn ra ilé iṣẹ́ tó ni ín, ògo rẹ̀ sì ń wọ̀. Bí ayé kọ̀ǹpútà ti rí nìyẹn: ohun tó jẹ́ ọba lánàá, òun ni wọ́n ń fi ṣe ìdènà ilẹ̀kùn lónìí.

Wọ́n wá fi páásíwọ́ọ̀dù ti database náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà kú, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé náà fẹ́ lo atọ́ka yìí, kọ̀ǹpútà bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹnu wọn sì wọhò. Ìwé ń bẹ lórí pẹpẹ, atọ́ka ń bẹ nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ohun tó so méjèèjì pọ̀ ti bá òkú wọlẹ̀. Bí wọn kò bá rí i ṣí, àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kìíní, kí wọ́n máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé 11,000.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bọ́ sórí rédíò lóṣù kẹfà ọdún 2002, wọ́n sì kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí irú ilẹ̀kùn yìí, kó ṣàánú wọn. Ẹ wo nǹkan! Ilé ìṣúra tó yẹ kó máa sá fún olè, òun ló ń pe àwọn tó mọ ilẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó ni ilé ló ń pe káfíńtà. Ẹni tó bá já àpótí ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ni olè.

Kò pẹ́ rárá tí ìdáhùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Joachim Eriksson, ẹni tí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ló rí ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n? “ladepujd” ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i nínú yín lè rò pé Ládépò ni wọ́n ṣì kọ. Rárá o. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú: Djupedal ni. Orúkọ ẹni tó ni ìwé ni wọ́n yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, ara ògiri ilé gan-an ló wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín tán. Orí ló kó wọn yọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí tó ṣòro, tàbí bó bá jẹ́ titì tòde òní ni wọ́n fi tì í, ibẹ̀ ni ìbá wà títí di òní.

Nítorí pé titì kọ̀ǹpútà oríṣi méjì ló wà. Èkíní dà bí àgádágodo tí wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn: ẹrù inú ilé wà bó ṣe wà, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n dí. Ẹni tó bá gba fèrèsé wọlé á bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Èkejì dà bí ẹnà. Ẹ mọ̀ pé bí ẹni méjì bá ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ lójú yín, ẹ ń gbọ́ ohùn wọn ketekete, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ náà, asán ni. Nínú irú èyí, ẹrù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yí padà, fèrèsé kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wo Microsoft Access, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1992, tí ó sì gba ipò lọ́wọ́ dBASE ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Access 97, orí fáìlì náà gan-an ni wọ́n tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù sí, wọ́n kàn pò ó mọ́ àwọn nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ni. Ẹni tó bá ti mọ àwọn nọ́ńbà náà, ó ti mọ ọ̀rọ̀. Àgádágodo lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti 2007 wá, nínú irú fáìlì tuntun tí wọ́n gbé dé, ẹnà gidi ni. Ohun tó dára fún ìdáàbòbò ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sọnù, kò sí ará Swídìn kankan tó máa fi wákàtí díẹ̀ bá yín wá a.

Páásíwọ́ọ̀dù yìí gan-an kò tíì pẹ́ láyé. Ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo. Kí ti Lágbájá má bàa dàpọ̀ mọ́ ti Tẹ̀mẹ̀dù, wọ́n fún kálukú ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, rí i pé àkókò tí wọ́n pín fún òun lórí kọ̀ǹpútà kò tó. Ó dọ́gbọ́n sí i, ó ní kí ẹ̀rọ náà tẹ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù sórí ìwé fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni ìjà ti wà láàárín ẹni tó ń tì àti ẹni tó ń ṣí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rò mọ́ ọn ni ikú. Olè ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kò rántí pé onílé lè lọ kó má padà wá.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Èmi kì í lo páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù. Ẹ̀rọ tó darúgbó náà, titì ni. Ọba William ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ka ilẹ̀, màlúù àti ọlọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá lọ́dún 1086. Ìwé Domesday ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 1986 tí ìwé náà pé 900 ọdún, ilé iṣẹ́ BBC ní kí àwọn ṣe tuntun. Àwọn ọmọ ilé ìwé àti àgbàlagbà, tí gbogbo wọn lé ní mílíọ̀nù kan, kọ nípa àdúgbò wọn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì kó o sórí àwo ńlá méjì tí wọ́n ń fi iná lésà kà. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́n-ùn ló ná wọn.

Ọdún 15 kò tíì kọjá tí ẹ̀rọ tó lè ka àwo náà fi di ohun tí wọ́n ń wá bí abẹ́rẹ́ nínú koríko. Ìwé tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì ìyẹ́ kọ sórí awọ ẹran ní 1086 ṣì wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó gbọ́ èdè Látìn sì ń kà á. Tòde òní ló fọwọ́ lérán. Àfìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Michigan ní Amẹ́ríkà forí korí, tí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun láti máa ṣe bí ẹni pé ògbólógbòó ni. Lọ́dún 2002 ni wọ́n fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ọdún yẹn kan náà tí àwọn ará Nọ́wè ń wá kọ́kọ́rọ́ tiwọn. Kò sí ẹni tó ti àwo yìí pa. Ọjọ́ orí ló tì í.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa kó ẹrù kúrò nínú ètò àtijọ́ bọ́ sínú tuntun lásìkò. Ṣùgbọ́n kíkó ẹrù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó bá ní database Access 97 lọ́wọ́, tó sì rò pé òun máa fò ó gúnlẹ̀ sínú tòde òní, á rí i pé láti Access 2013 ni ètò náà ti kọ̀ láti ṣí fáìlì àtijọ́ yẹn. Ó di dandan kí ó dúró lójú ọ̀nà: kí ó kọ́kọ́ fi Access 2010 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣí i, kí ó yọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó yí i padà, kí ó tó gbé e lọ sínú tuntun. Kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojúlówó: ẹ̀dà ni kí ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Bí ẹrù bá dé ilé tuntun, kíkà ló kù. Bó bá jẹ́ 11,000 ló jáde, 11,000 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún. Àwọn tó ṣe database láyé àtijọ́ a máa kọ nọ́ńbà méjì péré, wọn a kọ 48 dípò 1848. Ètò tuntun kò mọ Aasen, kò mọ gírámà. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ọjọ́ ni, ó lè kà á sí 1948. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan á fi 100 ọdún kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀.

Ẹ wo lẹ́tà náà. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní Nọ́wè, lẹ́tà Ø kò ní àyè tirẹ̀, àyè ìlà dídà kan báyìí “\” ni wọ́n fi jókòó. Bí wọ́n bá gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí kò mọ àdéhùn náà, Ørsta, ìlú Aasen, á di “\rsta”. Ìlú tó bí èdè, kọ̀ǹpútà kò lè pe orúkọ rẹ̀!

Èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ ìròyìn mọ ìrora yìí. Kí ìlànà Unicode tó gbilẹ̀, oríṣiríṣi fọ́ńtì ni wọ́n ń fi tẹ èdè wa, kálukú sì ní ibi tó fi ẹ àti ọ sí. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára tí wọ́n ṣí lórí ẹ̀rọ míràn, tó di wúruwùru, tí àmì ìbéèrè kún un bí eṣú. Èyí tó tún burú ni èyí tó bọ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà dànù láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, àti oko tí a ń lọ, gbogbo wọn á di “oko” kan náà. Ta ló máa wá yà wọ́n sọ́tọ̀ padà, bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sí láyé mọ́?

Níbi tí mo fẹ́ bá a dé nìyẹn. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ kọ́ ni eegun ẹ̀yìn, ènìyàn ni. Ẹni tó ṣe database ló mọ ìdí tó fi kọ 48, ló mọ àdéhùn lẹ́tà, ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìgbà tí ó ṣì wà láyé, tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, tí kò tíì fẹ̀yìn tì, ni ó rọrùn láti kó ẹrù. Ní ọ́fíìsì yín, nínú ẹgbẹ́ yín, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú? Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ẹ lọ bá a lónìí, ẹ kí i dáadáa, kó má rò pé ẹ ń retí ikú òun. Ẹ ní kó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àpòòwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ fi sínú séèfù, kí ẹni méjì sì mọ ibi tó wà. Ẹ ní kó bá yín da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fáìlì lásán tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè kà. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, ẹ tún ṣí i wò, bóyá ó ṣì ń ṣí.

Ẹ má sọ pé ó pọ̀ jù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.